Sùúrù kò sanwó òtẹ́ẹ̀lì: ọ̀rọ̀ ìdádúró bààlúù àti tọkọtìyàwó

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká wa lára tipẹ́. Tọkọtìyàwó á ṣe ìgbéyàwó tán ní Òṣogbo lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nígbà tó bá di Mọ́ńdè wọ́n á kọrí sí Èkó kí wọ́n lè wọ bààlúù lọ sí Zanzibar fún họ́nímúùnù. Wọ́n á dé Ìkẹjà, wọ́n á gbọ́ ohùn kan látinú gbohùngbohùn pé wọ́n ti sún ìrìn àjò síwájú nítorí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Wọn ò ní sọ. Ẹnì kan á gbé omi inú ike àti bisikíìtì wá, á ní, "Ẹ ní sùúrù, ìyàwó wa." Ìyàwó á wà lórí àpótí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, làálì ṣì dúdú lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ á máa wá ibi tí yóò ti fi iná sí fóònù. Sùúrù kò sanwó òtẹ́ẹ̀lì!

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ìdádúró yìí ń gbà lọ́wọ́ tọkọtìyàwó. Òru márùn-ún ni agbára ọ̀pọ̀ tọkọtìyàwó ká. Láti Èkó dé Addis Ababa, níbi tí wọ́n á ti pààrọ̀ bààlúù, tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, láti ibẹ̀ dé Zanzibar sún mọ́ mẹ́ta, aago wọn lọ́hùn-ún sì fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa, nítorí náà ọjọ́ ìrìn àjò fúnra rẹ̀ ti kúrú. Bí ọkọ̀ Èkó bá fi wákàtí mẹ́rin pẹ́, ti Addis kò ní dúró dè é. Èyí tó tún láyè lè di ọ̀la. Òru kan ti lọ nìyẹn nínú márùn-ún. Òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ pátá ní Nungwi tàbí Kendwa, létíkun àríwá Zanzibar, tó jẹ́ pé owó tí kì í padà ni wọ́n fi gbà á kó lè dín díẹ̀, kò ní dá kọ́bọ̀ padà. Èyí tó tún burú jù ni pé òtẹ́ẹ̀lì púpọ̀ ló wà tó jẹ́ pé bí àlejò kò bá yọjú lóru àkọ́kọ́, tí kò sì ránṣẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá mọ́, wọ́n á sì ta yàrá náà fún ẹlòmíì. Takisí tó lọ dúró dè wọ́n ní Abeid Amani Karume, pápákọ̀ òfuurufú Zanzibar, á gba owó rẹ̀, torí pé àwọn etíkun àríwá yẹn tó nǹkan bí 60 kìlómítà sí ibẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé ìńṣọ́ránsì tí Zanzibar sọ di dandan fún àlejò láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2024: dọ́là 44 lórí ẹnì kan. Dọ́là 88 ti jáde lápò wọn kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ kan omi.

Àwọn iléeṣẹ́ bààlúù á ní kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Irọ́ ni. Bààlúù kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀ láti àárọ̀. Bó bá pẹ́ nírìn àkọ́kọ́, ìpẹ́ yẹn á máa pọ̀ sí i títí dalẹ́, ẹni tó sì ń darí ọkọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ pé ti ọ̀sán kò ní lọ lákòókò. Àwọn awakọ̀ òfuurufú ní iye wákàtí tí òfin gbà kí wọ́n ṣe lóòjọ́. Bó bá ti kọjá, àfi kí wọ́n wá àwọn mìíràn, bí wọn ò bá sì ní àwọn mìíràn nítòsí, ẹ̀bi ta ni? Ọyẹ́ ní tirẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Láàárín December sí February, eruku lè bo ojú ọ̀run débi pé kò sẹ́ni tó yẹ kó ní kí awakọ̀ fò, àsìkò ìgbéyàwó sì ni December. Ìjì òjò náà lè dá ọkọ̀ dúró. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ sọ pé ọyẹ́ ni, tàbí pé nǹkan kan bàjẹ́ lára ẹ́ńjìnnì, kí ẹni tó sanwó lè mọ ohun tó máa ṣe. Wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni èèyàn ṣì lè pe òtẹ́ẹ̀lì, kó yí ọjọ́ takisí padà, kó sì bẹ̀ wọ́n ní Addis. Wákàtí mẹ́ta yẹn gan-an ni wọ́n fi ń sọ pé "ó kù díẹ̀".

Bí èrò bá pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ńkọ́? Wọ́n ti ti káńtà pa. Ọ̀nà Òṣogbo sí Èkó lé ní 200 kìlómítà, a ó gba Gbọ̀ngán, a ó gba Ìbàdàn, a ó wá bọ́ sí èxpress tí tírélà kan ṣoṣo lè dí pa. Pápá bààlúù ti wà ní Ìdó-Ọ̀ṣun láti 1936, síbẹ̀ kò sí ọkọ̀ òfuurufú kankan tó ń kó èrò níbẹ̀ fún wa. Nítorí náà ẹni tó bá gbọ́n á ti sùn sí Èkó lóru tó ṣáájú, owó yàrá mìíràn nìyẹn, kó má baà pẹ́ fún àwọn tí kò ka ìpẹ́ tiwọn sí nǹkan kan.

Òfin sì wà. Ìlànà NCAA, àjọ tó ń darí ọ̀rọ̀ bààlúù ní Nàìjíríà, Apá 19, sọ ohun tí iléeṣẹ́ bààlúù gbọ́dọ̀ ṣe bí wákàtí bá ṣe ń gorí wákàtí: ìpanu àti fóònù, lẹ́yìn náà oúnjẹ, lẹ́yìn náà òtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ tó máa gbé wọn lọ tó sì máa gbé wọn bọ̀. Àdéhùn Montreal ti 1999, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí ìrìn àjò bààlúù, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, tún sọ pé iléeṣẹ́ ló ni ìnáwó tí ìdádúró bá fà, títí dé 6,303 SDR lórí èrò kan (SDR ni owó ìṣirò àjọ IMF), àfi bó bá lè fi hàn pé òun ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ láti dènà rẹ̀. Ọdún méjì ni èèyàn ní láti pẹjọ́. Ṣùgbọ́n rìsíìtì ni yóò sọ̀rọ̀. Ẹ ya fọ́tò pátákó tó ń fi aago hàn, ẹ tọ́jú boarding pass, ẹ má ju rìsíìtì oúnjẹ tàbí takisí nù. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà. Bí wọn ò bá dáhùn, àwọn òṣìṣẹ́ NCAA tó ń rí sí ẹ̀tọ́ èrò wà nínú pápákọ̀ náà.

Kì í ṣe iléeṣẹ́ bààlúù nìkan ló yẹ ká bínú sí. Àwọn kan wà tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nílùú yìí, wọ́n á gbé e sórí WhatsApp pé "Zanzibar, òru márùn-ún, ẹni méjì", iye rẹ̀ á sì wuni. Ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. Ìrìn méjì ni wọ́n rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: Èkó sí Addis tàbí Nairobi lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan, ìyókù lọ́wọ́ òmíràn, torí ó fi díẹ̀ dín. Bí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́, lójú iléeṣẹ́ kejì, ẹ̀yin lẹ ò wá. Owó ti lọ. Bí ìpadàbọ̀ bá wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kejì yẹn, wọ́n á fagi lé òun náà, ẹ ò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ wálé. Ẹ tún ní láti gba ẹrù yín láàárín ọ̀nà, èyí tó lè gba pé kẹ́ ẹ ní físà orílẹ̀-èdè tí ẹ kàn ń kọjá. Ti bùkíìn kan ṣoṣo kò rí bẹ́ẹ̀: iléeṣẹ́ tó pẹ́ ló gbọ́dọ̀ wá ọkọ̀ mìíràn fún yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè kóòdù bùkíìn náà, lẹ́tà àti nọ́mbà mẹ́fà, kẹ́ ẹ rí i pé ẹyọ kan ló wà fún gbogbo ìrìn náà láti Èkó dé Zanzibar àti ìpadàbọ̀. Ní káńtà Ìkẹjà, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ báàgì gbọ́dọ̀ ní ZNZ, kóòdù pápákọ̀ Zanzibar, lára. Ẹ má gbà fún ìdúró wákàtí kan péré ní Addis, wákàtí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ béèrè, ó kéré tán.

Àwọn atatíkẹ́ẹ̀tì yẹn náà ló máa ń fi orúkọ ọkọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì ìyàwó nígbà tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣì jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Káńtà kò ní gbà á. Wọn ò tún ní sọ fún un pé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá kí káàdì tó wúlò. Wọ́n á tún fi ọ̀nà Dar es Salaam tan àwọn ẹlòmíì, pé ọkọ̀ ojú omi á gbé wọn sọdá ní nǹkan bíi wákàtí méjì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi yẹn kì í dúró dalẹ́; bí bààlúù bá pẹ́, ìlú Dar ni wọn ó sùn, lówó ara wọn.

Ẹrù ló kù. Bí báàgì kò bá jáde, ẹ má kúrò nínú gbọ̀ngàn náà láìgba ìwé ẹ̀sùn tí nọ́mbà wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ méje lẹ ní láti kọ̀wé bó bá bàjẹ́, ọjọ́ 21 bó bá pẹ́ kí wọ́n tó fà á lé yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ kàn máa lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, pé àwọn á pè yín, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kó sì kọ aago tó sọ ọ́.