Ẹni tí Ẹjọ́ Kàn Kò Gbọdọ̀ Dìbò nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò

Ní ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 2022, nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí ìpinnu tí ìbá bẹnu àtẹ́ lu bí Rọ́ṣíà ṣe kó ogun wọ Ukraine, orílẹ̀-èdè 11 nínú 15 ló fọwọ́ sí i, 3 kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, Rọ́ṣíà nìkan ló sì takò ó. Ìbò kan ṣoṣo yẹn, tí wọ́n ń pè ní fítò, tó wà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè márùn-ún tó ní àga àìyẹsẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà nìkan (Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé), ló gbé ìpinnu náà ṣánlẹ̀. Rọ́ṣíà yìí kan náà sì ni alága ìgbìmọ̀ ní oṣù náà: ẹni tí a ń rojọ́ rẹ̀ ló jókòó sórí àga adájọ́.

Ti Rọ́ṣíà nìkan kọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọ Panama, Amẹ́ríkà fi fítò tirẹ̀ dá ẹjọ́ ara rẹ̀ nù, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sì gbè é.

Ohun tó ń bí wa nínú ni pé òfin tó kọ irú èyí ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1945. Abala 27 ìwé àdéhùn àjọ náà sọ pé orílẹ̀-èdè tí aáwọ̀ bá kàn kò gbọdọ̀ dìbò nígbà tí ìgbìmọ̀ bá ń wá ọ̀nà àlàáfíà láti fi yanjú rẹ̀. Lóòótọ́, òfin náà kò dé ibi ìpinnu lórí lílo ogun tàbí ìjẹníyà, ṣùgbọ́n ibi tó dé gan-an, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì.

Láti ọdún 2005 ni ilẹ̀ Áfíríkà ti ń béèrè àga àìyẹsẹ̀ méjì, pẹ̀lú fítò. Àga náà tọ́ sí i. Ní ti fítò, a kò rí bí fífi kún àwọn tó lè dí ọ̀nà yóò ṣe la ọ̀nà. Bó ti wù kó rí, àtúnṣe ìwé àdéhùn kò lè wáyé láìjẹ́ pé àwọn márààrún tó ni fítò gbà sí i. Títẹ̀lé Abala 27 kò nílò àtúnṣe kankan. Kí àwọn 10 tí a ń yàn fún ọdún méjì-méjì dìde kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n dárúkọ ẹni tí aáwọ̀ kàn, kí wọ́n sì ní kí ó yẹra, kí àkọsílẹ̀ ìjókòó náà lè gbé e, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn tàbí ọ̀tá wọn.