Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, ọtí ni

"Èmi kì í mutí o, àgbo ni mò ń mu." Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ èrò láàárọ̀ kùtù ti gbọ́ gbólóhùn yìí títí ó fi sú u. Awakọ̀ ń sọ ọ́, bíríkìlà ń sọ ọ́, mẹkáníìkì ń sọ ọ́, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba ń sọ ọ́ níwájú ilé rẹ̀. Àwọn tí ẹ̀sìn wọn kò gbà wọ́n láyè láti fẹnu kan ọtí pàápàá ń sọ ọ́, tọkàntọkàn sì ni. Wọn kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Wọ́n gbà pé bí egbò bá ti wọ inú ọtí, ọtí ti di oògùn, agbára rẹ̀ ti kú, kò sì ṣe ohun mìíràn lára ju kó wo jẹ̀díjẹ̀dí àti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú ìgò náà gan-an.

Mo jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń ta pàrágà ní gáréèjì kan n'Íbàdàn, kó tó di aago mẹ́fà àárọ̀. Ìgò bí ìgò ni wọ́n tò sínú abọ́ ńlá, kálukú pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀: jẹ̀dí, ọ̀pá ẹ̀yìn, alẹ̀, ibà, inú rírun. Èèpo igi àti egbò wà nísàlẹ̀ ìgò kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ á dé, á ní, "Ìyá, ẹ fún mi ní jẹ̀dí, kí ẹ fi ọ̀pá ẹ̀yìn lé e." Wọ́n á bu ife kékeré kọ̀ọ̀kan fún un, á dà á sọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á fajú ro, á sì gba ìdí ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ìgò kan bá ti ń gbẹ, ìyá á fa kẹ́ẹ̀gì funfun kan jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì, wọ́n á rọ ọ́ kún padà. Kẹ́ẹ̀gì kan náà ni wọ́n ń rọ sínú gbogbo ìgò. Mo bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì yìí?" Wọn ò fi pa mọ́: "Ògógóró ni, ọmọ mi. Kí ni ǹ bá tún fi rẹ ẹ́? Bí n bá fi omi rẹ ẹ́, kò ní pẹ́ kó tó kan."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọtí líle máa ń fa ohun tó wà nínú egbò jáde dáadáa, kì í sì í jẹ́ kó bàjẹ́. Àwọn apòògùn òyìnbó náà mọ èyí, wọ́n sì ti ń fi ọtí rẹ egbò láti ayébáyé. Àmọ́ ẹ̀kán ni wọ́n ń kà á, wọn kì í fi ife wọ̀n ọ́n. Ẹ sì tún wo ohun mìíràn níbẹ̀. Egbò tó wà nísàlẹ̀ ìgò yẹn ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì ti rọ ọtí lé e lórí léraléra. Bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ ni agbára egbò ń dín kù. Ọtí ni kò dín kù, nítorí tuntun ló ń ti inú kẹ́ẹ̀gì wọlé. Kò sí ewé, egbò tàbí èèpo igi kankan tó ń jẹ ethanol run, ìyẹn èròjà tó ń pa èèyàn nínú ọtí. Afi kéèyàn sè é títí yóò fi fẹ́ lọ. Ìkorò egbò kàn ń bo adùn ọtí mọ́lẹ̀ ni.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìgò bíà ńlá, sẹ́ńtílítà 60, tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ní mìlílítà 30 ethanol nínú. Ọtí líle tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú 100 yóò kó iye kan náà sínú mìlílítà 75 péré. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ife kékeré mẹ́ta mì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlílítà 50, ti mu bíà ńlá méjì. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni o, kò sì tíì jẹun. Bí ẹ bá rí awakọ̀ yín tó ń ṣí ìgò bíà kejì lórí àga rẹ̀, ṣé ẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀? Òfin ìrìnnà ní Nàìjíríà kò gbà kí ọtí ju mílígíráàmù 50 lọ nínú mìlílítà 100 ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń wakọ̀. Ọkùnrin tó wọn kílò 70 lè kọjá ààlà yẹn pẹ̀lú ife kékeré méjì péré. Ara kì í sì í kánjú: gíráàmù 7 sí 10 ethanol ló ń tú ká láàárín wákàtí kan, ife méjì yẹn yóò sì gbà tó wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin àbọ̀. Omi tútù kò lè mú un yá, kọfí kò lè mú un yá, epo pupa kò lè mú un yá.

Mo mọ èsì tí wọ́n máa ń fọ̀, èsì yìí ló sì gbilẹ̀ jù: "Ó ń ṣiṣẹ́ lára mi." Ẹ̀yìn tó ń dun ẹni náà rọlẹ̀, ojú rẹ̀ là, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ta ló máa bá ara rẹ̀ jiyàn?

Télọ̀ kan wà ládùúgbò wa tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára púpọ̀. Láàárọ̀, kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, òwú á kan etí abẹ́rẹ́, á yẹ̀. Á wá rìn dé orígun, á mu ife méjì, á padà wá jókòó. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, òwú á wọlé lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ṣe ẹ̀rí: "Ẹ ò rí i bí àgbo yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá?"

Ẹ̀rí yẹn gan-an ló ń tú àṣírí. Ọtí máa ń mú kí ọpọlọ rọlẹ̀. Bí èèyàn bá ń mu ún lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ju bó ṣe yẹ lọ kó lè bá ọtí dọ́gba. Lóru, bí ọtí bá ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, eré yẹn kò dúró. Òun ló ń fa ọwọ́ gbígbọ̀n, òógùn, àyà tó ń lù kìkì, èébì òwúrọ̀ àti ìbínú láìnídìí. Ife àkọ́kọ́ á pa gbogbo rẹ̀ rọ́rọ́. Ọtí ló dá àìsàn òwúrọ̀ yẹn sílẹ̀, ọtí kan náà ló sì ń pẹ̀tù sí i, egbò ni wọ́n wá ń kan sáárá sí. Nígbà tí ẹnì kan bá ní "bí mi ò bá tíì mu jẹ̀dí, ojú mi ò lè là", kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí ló ń ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ara tí ọtí ti di dandan fún ló ń sọ nípa rẹ̀.

Ẹ̀yìn dídùn ńkọ́? Ọtí ń pa ìrora lọ́pọlọ fún wákàtí díẹ̀, kò kan eegun ẹ̀yìn rárá, awakọ̀ á tún lọ jókòó sórí àga líle kan náà fún wákàtí mẹ́wàá. Jẹ̀díjẹ̀dí fúnra rẹ̀ kò gbádùn ọtí: ọtí ń lé omi jáde lára, ìgbẹ́ á gbẹ, á le, èèyàn á máa fi tipátipá yàgbẹ́, ìdí á sì máa wú. Ní ti alẹ̀, ìgboyà tó ń wá lákọ̀ọ́kọ́ kì í tọ́jọ́. Ọtí àmujù ń dín omi ara tó ń sọ ọkùnrin di ọkùnrin kù, ó sì ń ba iṣan jẹ́, ó wá ń sọ ẹni tó tìtorí agbára mu ún di aláìlágbára.

Ẹ̀dọ̀ ló ń gba ìyà jù. Òun ló ń sọ ethanol di acetaldehyde kó tó lè lé e jáde, májèlé sì ni acetaldehyde. Láti ọdún 1988 ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ọtí mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ: ti ẹnu, ti ọ̀fun, ti ọ̀nà oúnjẹ, ti ẹ̀dọ̀; lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ti ọmú àti ti ìfun ńlá kún un. Nílẹ̀ wa, kòkòrò hepatitis B wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ tó ní in kò sì mọ̀. Bí ọtí bá bá a nínú ẹ̀dọ̀ kan náà, ìbàjẹ́ á yára gan-an. Ẹ̀dọ̀ kì í sì í tètè pariwo. Ó lè máa bàjẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí ojú tó di àwọ̀ ìyeyè, kí ikùn tó kún fún omi, kí ẹsẹ̀ tó wú. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nìyí: bí ojú bá ti yí padà, wọ́n á ní ibà pọ́njú ni, wọ́n á sì tún gbé àgbo ibà pọ́njú wá, wọ́n á fi ògógóró rẹ ẹ́.

Ewu mìíràn wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn tí kò ní í ṣe pẹ̀lú iye ọdún téèyàn fi mu ún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Òde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Òndó. Orí á máa fọ́ wọn, ojú wọn á ṣú, wọ́n á dákú, ọ̀pọ̀ kò lo ọjọ́ kan kí wọ́n tó kú. Wọ́n pè é ní àrùn tí kò lórúkọ, àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú, àwọn mìíràn ní oògùn apakòkòrò oko ni. Methanol ni àyẹ̀wò fi hàn, nínú ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n mu. Láàárín oṣù díẹ̀ náà ni irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì lọ sí i. Methanol jọ ethanol lójú, lẹ́nu àti nímú. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ọ́ di èròjà kíkan tó ń fọ́ iṣan ojú. Mìlílítà 10 lè sọ èèyàn di afọ́jú. Kò sí egbò tó lè mú un kúrò. NAFDAC ti ń bá ọtí inú sáṣẹ́ẹ̀tì àti ìgò pélébé fà á láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, láti oṣù kìíní 2022 ni wọn kò ti forúkọ tuntun sílẹ̀ mọ́ fún wọn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kẹ́ẹ̀gì abẹ́ bẹ́ǹṣì kò ní nọ́ńbà kankan lára tí ẹnikẹ́ni lè gbà padà.

N kò bá àgbo jà. Omi ògì ni àwọn ìyá wa ń fi rẹ ọ̀pọ̀ àgbo, tàbí kí wọ́n fi omi lásán sè é nínú ìkòkò, ọmọ ọwọ́ gan-an sì ń mu nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé egbò kan ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi alágbo kò ju ọ̀kan lọ: "Omi ni àbí ọtí?" Aláboyún ló tiẹ̀ yẹ kó bèèrè rẹ̀ jù, nítorí ọtí ń gba ibi ọmọ kọjá tààrà lọ bá ọmọ inú, ó sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ títí ayé.

Nínú ilé, orúkọ àgbo yìí ń ṣe ohun tí orúkọ ọtí kò lè ṣe. Ìyàwó tó bá rí i pé owó oúnjẹ ń ráre kò rí nǹkan kan dì mú: ṣé oògùn ni yóò ní kí ọkọ òun má lò? Àlùfáà àti pásítọ̀ kò lè bá a wí. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kò ka iye tó ń mu, nítorí kò sẹ́ni tó ń ka oògùn tó ń ṣe é lóore. Ọmọdé ni wọ́n sì sábà máa ń rán lọ rà á.

Ilé ìwòsàn ni ìpamọ́ yìí ti ń pani jù. Dókítà á bèèrè pé, "Ṣé ẹ máa ń mutí?" Aláìsàn á ní, "Rárá, Dókítà." Wọ́n á dá a dúró nítorí ibà tàbí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, wọ́n á fún un ní oògùn bí ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ pé, títí kan paracetamol, èyí tó lè tún ba ẹ̀dọ̀ ọ̀mutí jẹ́. Kò sì sẹ́ni tó ń gbé ife àárọ̀ wá fún un lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á máa rí kòkòrò lára ògiri, á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, gìrì lè gbé e. Àwọn ẹbí á ní ayé ti dé. Wọ́n á tú u sílẹ̀ lọ sí orí òkè tàbí ilé aláwo, nígbà tó jẹ́ pé wàhálà ọtí tó dáwọ́ dúró lójijì ni. Ó ń pani bí kò bá rí ìtọ́jú, ó sì ní ìtọ́jú tí dókítà mọ̀ dáadáa.

Ìdí nìyí tí n kò fi ní sọ fún ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ pé kó jáwọ́ lọ́la. Bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n láàárọ̀ kí ẹ tó mu ún, ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín nínú ilé. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, wà fún irú rẹ̀, ti Yábàá l'Ékòó náà sì ń tọ́jú rẹ̀. Wèrè kọ́ ni wọ́n ń pè yín bí ẹ bá débẹ̀. Wọ́n á fi oògùn pẹ̀tù sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sì fún yín ní vitamin B1, nítorí ọtí ti gbẹ ẹ́ lára. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá bèèrè ohun tí ẹ ń mu, ẹ ka jẹ̀dí sí i, ẹ ka ọ̀pá ẹ̀yìn sí i, ẹ ka alẹ̀ sí i, kí ẹ sì sọ iye ife tí ẹ ń mu lóòjọ́ gẹ́lẹ́, torí iye yẹn ni wọ́n á fi mọ ìwọ̀n oògùn tó tọ́ sí yín.