Kọ́bọ̀ oníhò 1959 ò lè sọ yín di mílíọ̀níà o

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fọ́wádì káàkiri WhatsApp pé kọ́bọ̀ oníhò 1959 yòówù tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ sí PCGS tàbí NGC, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ owó ẹyọ wò ní Amẹ́ríkà, ló máa di mílíọ̀nù náírà, irọ́ ni. Àwọn yẹn kì í ra kọ́bọ̀, wọ́n kàn máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojúlówó ni, wọ́n á fún un ní máàkì láti 1 dé 70, wọ́n á wá tì í mọ́nú ike, owó iṣẹ́ ni wọ́n sì ń gbà. Àìmọye mílíọ̀nù kọ́bọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe, èyí tí wọ́n ti ná títí tó fi họ, owó ìfiránṣẹ́ nìkan ju iye tó máa pa lọ. Àfi èyí tó ṣì ń dán bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ìyẹn lẹ lè rò pé kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.

Èyí tó dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe ní kẹ́ ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ kó tó lọ. Áà! Mo fọ ti bàbá àgbà mi bẹ́ẹ̀, ó pọ́n yòò lóòótọ́, àmọ́ ilà wẹ́wẹ́ kún ojú ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tó yí ihò ẹ̀ ká, kò sì ṣeé tún ṣe mọ́. Tí wọ́n bá rí i pé ẹ ti fọ̀ ọ́, wọn ò ní fún un ní nọ́ńbà, "cleaned" ni wọ́n máa kọ sí i. Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà.