Ta ló ní kí ẹ nu ilà ojú mi?

Ẹ̀yin onífọ́tò Àkúrẹ́, ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́ yẹn? Ta ló ní kí ẹ nu ilà ojú mi kúrò?

Àná ni fọ́tò ọjọ́ìbí mi dé sórí WhatsApp. Mo ṣí i, mo wò ó, mo tún un wò. Ojú funfun báláú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dán, imú ti di bíńtín. Ilà ńkọ́? Kò sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, torí ilà yẹn gan-an ni mo ṣe lọ ya fọ́tò!

Ẹ ṣáà mọ ìṣe wọn. Ìdajì owó kí wọ́n tó dá yín lóhùn. Wọ́n á ní ẹ dé láago mẹ́sàn-án, ẹ ó sì bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Owó gèlè lọ́tọ̀, owó epo jẹnẹrétọ̀ lọ́tọ̀, owó aṣọ tí wọ́n ta sẹ́yìn yín náà lọ́tọ̀. Gbogbo ìyẹn ni mo gbé mì.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí wọ́n ṣe mí bí ìyá Òǹdó àtijọ́: irun ṣùkú, iyùn lọ́rùn, àlàárì màmá mi, tìróò lójú, kí wọ́n wá fi àtíkè dúdú fa ilà Òǹdó sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọ̀kan gbọọrọ níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kó nípọn dáadáa, kó sọ̀ kalẹ̀ láti abẹ́ ojú. Bí ojú ìyá ìyá mi ṣe rí nìyẹn. Èmi ò kọlà. Àwọn ọmọ mi náà ò ní kọ ọ́, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ọdún 2003 ti kà á léèwọ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, n ò fẹ́ kí abẹ kan ọmọ kankan lójú. Ṣùgbọ́n níbo la ó ti máa rí ojú àwọn ìyá wa, bí kò bá sí nínú fọ́tò?

Ọmọbìnrin tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù ní, "Anti, ẹ jẹ́ n ṣe yín bíi Cleopatra, òun ló wà níta báyìí." Èmi ọmọ Òǹdó? Ìlú tó jẹ́ pé obìnrin, Pupupu, ló kọ́kọ́ jọba níbẹ̀, tí oyè Lọ́bùn, ọba obìnrin, sì wà níbẹ̀ títí dòní, ọbabìnrin Íjíbítì ni kí n wá dà? Mo ní rárá. Ló bá fa àbàjà sí mi lójú, mẹ́ta ní ìbú, ilà Ọ̀yọ́! Mo fi fọ́tò ìyá àgbà hàn án lórí fóònù. Ó nù ún, ó fa gọ̀ǹbọ́. A tún nù ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń ta mí. Kò sì ní àtíkè kan tó bá ara dúdú mu, pupa ni gbogbo rẹ̀, ní Àkúrẹ́ tí gbogbo wa ti dúdú! Nígbà tó wá fà á tó gún, tí mo wo dígí, omi bọ́ lójú mi. Onífọ́tò fúnra rẹ̀ ní, "Mọ̀mí, ẹ rí bí ọba."

Òun náà ló lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tó nù ún.

Mo pè é. Ẹ gbọ́ ohun tó wí: "Mọ̀mí, àpá ojú yín la bá yín mú kúrò, kí ojú lè jọ̀lọ̀." Àpá! Ilà tí wọ́n fà níṣojú rẹ̀, tó ń gbé iná sọ́tùn-ún sósì kó lè hàn! Mo ní kó fi èyí tí kò tíì fọwọ́ kàn ránṣẹ́. Ó ní àwọn kì í fún kọ́sítọ́mà nírú ẹ̀, pé bí mo bá fẹ́ kí àwọn dá ilà padà, owó mìíràn ni. Owó mìíràn, lórí ojú èmi fúnra mi!

Gbogbo obìnrin ìlú yìí ló ti ní ojú kan náà báyìí. Ìyá tó pé ọgọ́rin ọdún, wọ́n á nu gbogbo ìhunjọ ojú rẹ̀, wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé ẹ bá wa yọ̀. Bàbá kan kú ládùúgbò wa, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bèèrè pé ta ló wà lára pósítà.

Ẹ má dá owó mi padà. Ẹ má sì bẹ̀ mí. Fọ́tò yẹn, bí ẹ ṣe yà á gan-an, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Kí gbogbo yín pátá, láti Ọjà Ọba dé Ìjàpò, sì jáwọ́ lára ojú èèyàn.