Ìgbátí kò wo ọmọ tí kílípà ń ni lára

"Fún un ní ìgbátí méjì, ara ẹ̀ á wálẹ̀." Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ bí ọmọ bá fi ọwọ́ méjèèjì di etí, tó ń ké, tó sì jẹ́ pé kílípà ò tíì kan orí ẹ̀. Wọ́n á ní alágídí ni, wọ́n á ní ìyá ẹ̀ ló kẹ́ ẹ bàjẹ́. Bí ìgbátí bá sì dún, ọmọ á dákẹ́ lóòótọ́. Ìdákẹ́ yẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ìbẹ̀rù ló di í lẹ́nu. Ohun tó ń ni ín lára ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí irun bá tún hù, láti ìkòríta ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, torí ìyà méjì ló ń retí báyìí: ti kílípà àti ti ọwọ́ yín.

Ariwo tí àwa gbọ́ tí a gbójú fò, ọpọlọ àwọn ọmọ kan ò lè gbójú fò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni léèsì aṣọ ẹbí, sípíkà òde àríyá, àmì kékeré tí wọ́n rán sẹ́yìn ọrùn aṣọ. A. Jean Ayres, tó jẹ́ occupational therapist (oníṣègùn tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti lè ṣe àwọn nǹkan ojoojúmọ́) ní California, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìwádìí irú ìnira yìí dáadáa, ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Láti ọdún 2013 ni DSM-5, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń ṣàyẹ̀wò, ti kà á mọ́ àmì autism, ìyẹn kí ọpọlọ ọmọ máa ṣiṣẹ́ lọ́nà ọ̀tọ̀ láti kékeré, tó fi ń kan bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń bá èèyàn ṣe. Èyí ò ní kí gbogbo ọmọ tó bá di etí ní autism o. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ etí ló ń ro ó, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ etí náà wò.

Ọmọ alágídí náà wà, a ò jiyàn. Ẹni tó ń ké torí bísíkíìtì máa ń yọjú wò yín bóyá ẹ ń wo òun, bí bísíkíìtì bá sì dé, ẹkún parí. Ẹni tí ariwo ń ni lára kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé gbogbo bísíkíìtì ọjà fún un, kò ní dákẹ́. Kódà bí ẹ bá gbé e kúrò níbẹ̀, ara ẹ̀ lè má balẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe àsìkò ìwàásù nìyẹn. Ẹ dín ọ̀rọ̀ kù, ẹ wá ibi tó dákẹ́.

Ní ti irun gígẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Kí ọmọ mú kílípà tí wọ́n ti pa dání, kó fi kan apá àti itan ara ẹ̀. Tó bá di ọjọ́ mìíràn, ẹ tàn án ní ìkángun yàrá, kí ẹ máa sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti di etí, ẹ padà sí ibi tó gbà tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má lọ ní Sátidé. Àárọ̀ àárín ọ̀sẹ̀ ló dáa, nígbà tí ẹ lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa orin. Kí ẹ tó wọlé, ẹ fún un níṣẹ́ tó gba agbára fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá: kó ti ògiri, kó gun àtẹ̀gùn, kó gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tí omi dé ìdajì, bó bá tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń mú ara ọ̀pọ̀ wọn balẹ̀. Kí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan nǹkan bó bá jókòó. Ẹsẹ̀ tó ń fì máa ń dá kún ìpayà. Ẹ tẹ èjìká ẹ̀ ṣinṣin, ẹ má rọra fọwọ́ pa á, nítorí ìfọwọ́kàn fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń rìn wọ́n lára jù. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì rọ́pò ọ̀rá tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn, àlùmọ́gàjí ni kí wọ́n sì lò yí etí ká. Ẹ wo abẹ kílípà pẹ̀lú: èyí tó ti kú ń fa irun tu ni, kò gẹ̀ ẹ́.

Ẹ sọ fún un pé, "A máa ka oókan dé ẹẹ́wàá, ká tó sinmi," kí ẹ sì dúró lóòótọ́ ní ẹẹ́wàá. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́: wọ́n á rí i pé ó ku díẹ̀, wọ́n á kà á dé ogún, ọmọ ò sì ní gbà wọ́n gbọ́ mọ́. Ẹ gẹ̀ ẹ́ ní ààbọ̀, kí ẹ parí ẹ̀ lọ́la. Orí ààbọ̀ ò pa ẹnikẹ́ni.

Ẹ ṣọ́ra fún ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbòtí tó ń dín ariwo kù dáa lóde àríyá, ṣùgbọ́n bó bá wà létí látàárọ̀ dalẹ́, ariwo kékeré náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ni ọmọ lára. Ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde lọ́dún 2014, fi hàn pé bùláńkẹ́ẹ̀tì oníwúwo kò mú kí àwọn ọmọ tó ní autism sùn pẹ́ ju bùláńkẹ́ẹ̀tì lásán lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀. Ní Quebec, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ọmọ ọdún 9 kan kú lọ́dún 2008 lẹ́yìn tí wọ́n fi irú ẹ̀ wé e nílé ìwé. Ẹ má wé ọmọ mọ́ inú ẹ̀ láé, ẹ má bò ó lórí. Kò sì yẹ ọmọdé tí kò lè ṣí i fúnra ẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn occupational therapist wà ní Òṣòdì l'Ékòó, OAU n'Ílé-Ifẹ̀ náà ń kọ́ wọn, UCH n'Íbàdàn sì ní wọn. Bí ẹ bá ń lọ rí wọn, ẹ mú àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì dání: ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹkún tó bẹ̀rẹ̀, aago mélòó, ìṣẹ́jú mélòó ló gbà, kí ló mú un rọlẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi fídíò ìṣẹ́jú kan kún un, torí ọmọ lè má ké rárá níwájú wọn.