Pírédì àròjinlẹ̀ kọ́ ló máa gba ọmọ yín lọ́wọ́ oní-gbájúẹ̀

Wọ́n tún ti sọ ọ́ níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ kan ní Abẹ́òkúta níbí. Bàbá kan dìde, ó gbé agbádá léjìká, ó ní bí ìjọba bá sọ àròjinlẹ̀, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò dáadáa kó tó gbà á, di iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nílé ìwé, tó ní ìwé tirẹ̀ àti ìdánwò tirẹ̀, àwọn ọmọ wa ò ní kó sọ́wọ́ oní-gbájúẹ̀ mọ́. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ó tó gẹ́ẹ́.

Ohun téèyàn kọ́ níbì kan kì í sábà bá a dé ibòmíràn. Lọ́dún 1980, Mary Gick àti Keith Holyoak, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ní ìtàn ọ̀gágun tó fẹ́ gba odi. Wọ́n ti ri bọ́ǹbù sí gbogbo ọ̀nà tó débẹ̀: ọmọ ogun díẹ̀ lè kọjá, bí wọ́n bá pọ̀, á bú gbàmù. Ló bá pín wọn kéékèèké sójú ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo wọn sì pàdé nídìí odi lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà nípa dókítà tó fẹ́ fi ìtànṣán pa kókó inú aláìsàn. Ìtànṣán tó lágbára á ba ẹran ara tó dáa jẹ́; èyí tí kò lágbára ò ní pa kókó. Ọgbọ́n kan náà mà ni! Kí wọ́n ta èyí tí kò lágbára láti ìhà púpọ̀, kó pàdé lórí kókó. Síbẹ̀, àwọn tó rí i fúnra wọn ò tó ìdajì. Àfìgbà tí wọ́n ní kí wọ́n lo ìtàn tí wọ́n kà ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn tó rí i. Ta ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yín láti rán an létí?

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ẹ gbé aṣọ fún un, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yí wò, torí aró máa ń wọ aṣọ dé ẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lójú máa ń ṣá lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ nídìí àdìrẹ. Òun náà ló ka nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì rẹ̀ fún ẹni tó ní báńkì lòun ti ń pè. Orí rẹ̀ pé o! Aṣọ ló mọ̀, kò mọ bí báńkì ṣe ń ṣe. Ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé fún un pé báńkì kì í béèrè nọ́ńbà yẹn lórí fóònù. Ẹni tó tún pè lẹ́yìn náà, èpè ló gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ka sí Finland pé wọ́n ń kọ́ ọmọ ní àròjinlẹ̀ níbẹ̀, inú àwọn iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni wọ́n pín ẹ̀kọ́ náà sí, wọn ò yà á sọ́tọ̀.

Ó dáa, pírédì àròjinlẹ̀ lè ṣe ọmọ kan lóore díẹ̀, mi ò bá yín jà síyẹn. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ fẹ́ fi gba olùkọ́ tuntun fún un, ẹ fi ra kẹ́míkà sílé ìwé. Mo mọ àwọn ọmọ SS3 tó jẹ́ pé orí pátákó nìkan ni wọ́n ti rí ásíìdì.