Pelé kò dá ogun Biafra dúró

Kò sí ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Rẹ́mọ tí ẹ ò ní gbọ́ ọ: pé nígbà tí Pelé, ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù ọmọ Brazil, àti Santos, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, wá sí Nàìjíríà ní 1969, ìjọba àpapọ̀ àti Biafra jọ gbé ìbọn sílẹ̀ fún wákàtí 48 kí wọ́n lè ráyè wòran. Nígbà tí Pelé kú ní ìparí 2022, ìtàn yìí náà ni gbogbo èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ó dùn létí, àmọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Pelé wá lóòótọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní, Santos àti Nàìjíríà ta ọ̀mì 2-2 l'Ékòó, Pelé ló sì gbá góòlù Santos méjèèjì wọlé. Lóṣù kejì, wọ́n gbá òmíràn ní Benin.

Ẹ wá wo ibi tí ogun wà. Èkó kò fìgbà kan bọ́ sọ́wọ́ Biafra. Wọ́n wọ Benin lóṣù kẹjọ 1967, àmọ́ kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ìjọba àpapọ̀ ti lé wọn jáde. Nígbà tí Santos fi máa dé, òdìkejì Odò Ọya lọ́hùn-ún ni ìbọn ti ń dún. Ogun wo ni wọ́n fẹ́ dá dúró kí eré Èkó tó lè wáyé?

Láwọn oṣù yẹn gan-an, ikọ̀ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ kan há sí Owerri. Biafra yí wọn ká, ìparí oṣù kẹrin ni wọ́n tó rí ọ̀nà jáde. Lápá Biafra, ebi ń pa àwọn ọmọdé kú, ikùn wọn wú, irun wọn pọ́n. Inú máa ń bí mi tí a bá fi ìtàn bọ́ọ̀lù bo irú ìyà bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Pelé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 1977 kò sọ ọ́ rárá. Nínú èyí tó ṣe nígbà tó ti dàgbà, ó ní òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Òṣèlú wà nínú ìrìn àjò yẹn o. Lójú tèmi, ìjọba tó gbé Pelé lọ sí Benin nígbà ogun fẹ́ kí ayé rí i pé ìlú ti tòrò. Bọ́ọ̀lù ló ṣiṣẹ́ fún ìjọba, kì í ṣe pé ó kápá ìjọba.

Àwa ará Rẹ́mọ ló sì yẹ ká kọ́kọ́ mọ èyí. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Awólọ́wọ̀, ló di àpò owó ìjọba mú ní gbogbo ìgbà ogun náà. Ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n pààrọ̀ ní 1968 àti ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí kò wọ Biafra ni wọ́n ṣì ń bá a fà títí dòní. Irú nǹkan wọ̀nyẹn ló pinnu ogun, ó sì tó bí ọdún kan lẹ́yìn tí Pelé ti padà sílé kó tó parí.

Àwọn bàbá tó lọ jagun náà ṣì kù díẹ̀ láàárín wa. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n gbé ìbọn sílẹ̀ nítorí Pelé, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀.